Òpin Àdéhùn Gbèsè: Ẹ̀kọ́ lórí Ìwọ̀fà àti Oko Ìdógò

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin àgbà ìjọ tí àwọn ènìyàn ń mú ọ̀ràn wọn tọ̀ wá, ẹ̀kọ́ tí a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe lórí bí a ti í jẹ gbèsè, nítorí èyíinì kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lórí bí a ti í san án nìkan. Ó jẹ́ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi ojú fò dá, èyíinì ni bí a ti í parí àdéhùn gbèsè tó bẹ́ẹ̀ tí kì yóò tún lè jí dìde mọ́. Sísan owó jẹ́ ohun kan; píparí àdéhùn jẹ́ ohun mìíràn. Ẹni tí ó ṣe èkíní tí ó sì fi èkejì sílẹ̀ dà bí ẹni tí ó pa ejò tí kò bẹ́ ẹ lórí.

I. Ọ̀RÀN KAN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá kan fi oko kòkó rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìnáwó ìsìnkú dé bá a. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni ó bá wọn kọ ìwé náà sí ojú ewé kan tí a fà ya láti inú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn méjèèjì tẹ̀ka sí i, ẹlẹ́rìí méjì sì tẹ̀ka tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn ìkórè mélòó kan, bàbá náà kó owó jọ, ó sì gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ka owó náà, ó pé. Nígbà tí ó béèrè ìwé rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, àti pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé ṣe láàrin ara wọn? Wọ́n jẹ obì, wọ́n sì túká. Bàbá náà padà sínú oko rẹ̀, ó sì ń kórè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ọdún gorí ọdún. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kú. Ẹlẹ́rìí méjèèjì kú pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kan ọmọ olówó ń tú àpótí bàbá rẹ̀, ó sì rí ìwé náà bí ó ti wà ní ọjọ́ tí a kọ ọ́. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tí ó fi hàn pé a ti san owó. Ọmọ yìí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó gbà gbọ́. Ó mú ìwé náà tọ àwọn ọmọ olóko lọ, ó ní kí wọ́n san owó tàbí kí wọ́n jáde kúrò nínú oko. Wọ́n ní bàbá àwọn ti san án. Ó ní, "Ẹ̀rí dà?" Wọn kò ní in. Báyìí ni ìdílé méjì tí wọ́n ti ń jókòó tira wọn nínú ilé Ọlọ́run láti ìgbà àwọn bàbá wọn kò tún kí ara wọn mọ́. Bí ọ̀ràn náà ti parí, a ó sọ ọ́ níkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ nípa òpin gbèsè.

II. ÌWỌ̀FÀ: ÀDÉHÙN GBÈSÈ ÀWỌN BÀBÁ WA

Nígbà tí kò tíì sí ilé ìfowópamọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ìnáwó ńlá bá dé bá ènìyàn, bí ìsìnkú, tàbí ìgbéyàwó, tàbí owó ìtanràn, tàbí owó ìràpadà ẹbí tí a kó ní ogun, a máa tọ olówó lọ láti yá owó ẹyọ. Ó lè yá ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ, ó sì lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dípò kí ó máa san èlé, òun fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí ojú owó yóò fi padà. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní ìwọ̀fà.

Alùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìjọ wa ní Ọ̀yọ́, kọ nípa àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, èyí tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó fi yé wa pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, òmìnira rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olówó kò lè tà á. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin, ilé ara rẹ̀ ni yóò máa sùn. Yóò ṣe iṣẹ́ olówó ní òwúrọ̀, ìyókù ọjọ́ sì jẹ́ tirẹ̀ láti fi ṣe oko ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni a fi ṣe ìwọ̀fà, ọ̀dọ̀ olówó ni yóò máa gbé, gbogbo ọjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti olówó.

Kò sí ẹni tí ń ṣe àdéhùn yìí ní kọ̀rọ̀. Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí yóò dúró láàrin àwọn méjèèjì, tí olówó yóò kọjú sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. Ìdílé onígbèsè mọ̀, ìdílé olówó mọ̀, àdúgbò sì mọ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí a ó padà sí i.

III. BÍ ÀDÉHÙN ÌWỌ̀FÀ TI Í PARÍ

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé iṣẹ́ ìwọ̀fà kò dín ojú owó kù. Èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́, kì í ṣe ìsanpadà. Ẹni tí ó yá ọ̀kẹ́ kan, tí ó sì fi 10 ọdún kọ ebè fún olówó, ọ̀kẹ́ kan náà ni ó ṣì jẹ ní òpin ọdún náà. Nítorí náà àwọn ohun tí ó lè parí àdéhùn kò pọ̀.

Èkíní ni pé kí a san ojú owó pé. Ìdílé yóò dá owó jọ, wọn yóò mú un wá pẹ̀lú onígbọ̀wọ́, a ó sì kà á lójú àwọn tí ó mọ̀ nígbà tí a yá a. Láti ọjọ́ náà lọ olówó kò ní àṣẹ kankan mọ́ lórí ìwọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ni onígbọ̀wọ́ náà sì bọ́ nínú ẹrù rẹ̀.

Èkejì ni pé kí olówó fi owó náà jì í. Èyí lè jẹ́ nítorí àánú, ó sì lè jẹ́ nítorí ìgbéyàwó, bí olówó tàbí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ìwọ̀fà, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbà, tí a wá ka owó náà mọ́ owó ìyàwó.

Ẹ̀kẹta ni ìwà àìtọ́ olówó. Bí ó bá bá ọmọbìnrin tí a fi ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe ìṣekúṣe, owó rẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà yóò lọ sí ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ fún un. Ẹ wò ó bí àwọn bàbá wa ti mọ̀ pé àdéhùn gbèsè ń de ẹni tí ó yáni lówó pẹ̀lú, kì í ṣe ẹni tí ó yá a nìkan.

Àwọn ohun tí kò lè parí rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ. Bí ìwọ̀fà bá sá, gbèsè kò sá tẹ̀ lé e. Bí ó bá kú, ìdílé yóò mú ẹlòmíràn wá tàbí kí wọ́n san owó. Bí olówó bá kú, àwọn ajogún rẹ̀ ni ó ni gbèsè náà. Bí onígbèsè bá lọ yá owó lọ́dọ̀ olówó kejì láti san ti èkíní, àdéhùn kìíní parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òmíràn ti bẹ̀rẹ̀; ẹni tí a fi ṣe ìwọ̀fà kàn pa ẹnu ọ̀nà dà ni.

Fún ẹni tí ó kọ̀ láti san, ìdógòtì wà. Olówó yóò rán ológò lọ sí ilé onígbèsè, èyíinì yóò jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa fi ipá gba oúnjẹ, yóò máa mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, títí ojú yóò fi ti gbogbo agbo ilé tí wọn yóò sì wá owó náà rí. Òwe wa wí pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ológò ni ó máa ń jẹ́ kí onígbèsè mọ̀ pé igi náà wúwo.

IV. OHUN TÍ Ó DÁRA NÍNÚ ÀṢÀ NÁÀ ÀTI OHUN TÍ KÒ DÁRA

A kò gbọdọ̀ yin àṣà yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun rere inú rẹ̀ ni pé ó hàn gbangba: bí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lójú ènìyàn ni a ti ń parí rẹ̀ lójú ènìyàn. Ohun búburú inú rẹ̀ ni pé kò ní ọjọ́ òpin. Nígbà tí iṣẹ́ kò dín gbèsè kù, ọmọdé lè di géńdé lọ́dọ̀ olówó lórí owó tí òun kò jẹ nínú rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì lè ti gbàgbé láti san.

Ohun yìí gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ọwọ́ kàn nígbà tí wọ́n péjọ ní Geneva ní 1956, tí wọ́n ṣe àfikún májẹ̀mú lórí ìparun òwò ẹrú àti àwọn àṣà tí ó fara jọ ọ́. Nínú májẹ̀mú náà wọ́n ka ìfi-ènìyàn-dógò mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ fi òpin sí, wọ́n sì sọ bí a ó ti mọ̀ ọ́n: bí a kò bá ka iye tí iṣẹ́ ẹni náà tó mọ́ ìsanpadà gbèsè, tàbí bí a kò bá ti pààlà sí bí iṣẹ́ náà yóò ti pẹ́ tó àti irú ohun tí yóò jẹ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìwọ̀fà, a ó rí i pé ibi tí ó kùnà ni òpin rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, abala 34 nínú Ìwé Òfin 1999 kọ̀ ìmúlẹ́rú àti iṣẹ́ àfipáṣe fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí òbí kan bá wà títí di òní yìí tí ó ń fi ọmọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jẹ lówó kí ó máa bá a ṣiṣẹ́ títí yóò fi rí owó san, kí ó mọ̀ pé òfin kò gbà á, kí ó sì lọ mú ọmọ rẹ̀ wá sílé. Gbèsè bàbá ni. Kì í ṣe ti ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò rántí ọ̀ràn tí ó wà nínú ìwé Nehemáyà, orí karùn-ún. Àwọn ènìyàn ti fi oko àti ọgbà àjàrà wọn dógò, àwọn mìíràn sì ti fi ọmọ wọn sínú ìsìnrú nítorí gbèsè. Nehemáyà bá àwọn olówó wí, wọ́n sì gbà láti dá ohun gbogbo padà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí: kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tó. Ó pe àwọn àlùfáà, ó sì mú kí àwọn olówó búra lójú gbogbo ìjọ pé àwọn yóò ṣe bí àwọn ti wí. Ó mọ̀ pé òpin gbèsè ní láti ní ẹlẹ́rìí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

V. OKO ÌDÓGÒ

Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, igi bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò ènìyàn. Ẹni tí ó nílò owó kò ní láti fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà mọ́. Ó lè fi oko kòkó dógò. Ọ̀nà àdéhùn náà kò yàtọ̀: olówó ń kórè kòkó náà gẹ́gẹ́ bí èlé, ojú owó sì dúró bí ó ti wà títí olóko yóò fi mú un wá. Ẹni tí ó mọ òfin ìwọ̀fà kò ní ṣòro fún un láti mọ òfin oko ìdógò.

Ìpìlẹ̀ òfin náà gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà sì tẹ̀ lé, ni pé ìdógò kì í di títà. Bí ọdún ti wù kí ó pọ̀ tó, àní bí ẹni tí ó fi dógò àti ẹni tí ó gbà á bá ti kú, àwọn ọmọ olóko ní ẹ̀tọ́ láti mú ojú owó wá kí wọ́n sì gba oko wọn. Ogún ọdún tàbí ogójì ọdún kò sọ olówó di onílẹ̀. Nítorí èyí, olówó kò gbọdọ̀ ta oko náà. Kò gbọdọ̀ gbin igi tí yóò pẹ́ nílẹ̀ sínú rẹ̀ láti fi ṣe àmì pé tirẹ̀ ni. Bí ó bá tún nǹkan kan ṣe nínú oko, kò lè sọ ní ọjọ́ ìràpadà pé kí a san owó àtúnṣe mọ́ ojú owó.

Bí òfin náà ti dáàbò bo olóko, bẹ́ẹ̀ ni ó ní kí olóko pẹ̀lú ṣe òtítọ́. Kò yẹ kí ó dúró títí kòkó yóò fi pọ́n lórí igi, kí ó sì sáré mú owó wá ní ọ̀la ìkórè. Kí ó sọ tẹ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí olówó kórè èyí tí ó ti ń retí. Bí àdéhùn bá sì ti dá iye ọdún tí olówó yóò lò, tí ó sọ pé lẹ́yìn rẹ̀ oko yóò padà láìsan owó, èyíinì ni kí a tẹ̀ lé.

Ẹ rí i nísinsìnyí ìdí tí ọ̀ràn inú ìtàn wa fi le. Òfin pé ìdógò kì í di títà dára fún ẹni tí kò tíì san. Ṣùgbọ́n òfin náà kan náà ni ó mú kí ìwé ìdógò àtijọ́ ní agbára títí, bí a kò bá ti fi àmì òpin sí i lára. Bí ìdógò kì í tií kú láìsan, bẹ́ẹ̀ ni ìwé rẹ̀ kì í kú láìpa á.

VI. BÍ ÀWỌN OLÓWÓ BÁ PỌ̀

Nígbà mìíràn ẹni kan a máa jẹ ọ̀pọ̀ olówó ní gbèsè, ohun ìní rẹ̀ kò sì tó gbogbo wọn. Bí ó bá ń yọ́ san ti ẹnìkan ní ìkọ̀kọ̀, àwọn ìyókù yóò gbọ́, ìjà yóò sì dé. Orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti wà ní irú ipò yìí rí, bí ó sì ti jáde kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa.

Àwọn ìjọba tí ń yá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lówó ní àpéjọ kan tí à ń pè ní Paris Club, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 nígbà tí wọ́n jókòó lórí gbèsè Argentina. Ìlànà wọn ni pé kí gbogbo olówó jókòó sí ojú kan, kí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan, kí onígbèsè má sì ṣe fún ẹnìkan ju èkejì lọ. Títí di 2005 Nàìjíríà jẹ wọ́n tó bílíọ̀nù 30 dọ́là. Apá ńlá nínú rẹ̀ kì í ṣe owó tí a yá ní àkọ́kọ́. Èlé àti owó ìtanràn àìsan ni, tí ó ti gun ara wọn lórí láti ọdún púpọ̀. Ní ìgbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, a bá wọn ṣe àdéhùn ní oṣù kẹwàá ọdún 2005. A kọ́kọ́ san gbogbo èyí tí àkókò sísan rẹ̀ ti kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n gé ìyókù kù, a sì fi owó ra èyí tí ó ṣẹ́kù padà. Àpapọ̀ ohun tí a san jẹ́ bílíọ̀nù 12 dọ́là àti díẹ̀, èyí tí wọ́n sì fi jì wá tó bílíọ̀nù 18. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006 ni a san èyí tí ó kẹ́yìn.

Bóyá ó yẹ kí a san tó bẹ́ẹ̀ tàbí kò yẹ, àwọn ènìyàn jiyàn lé e lórí. Ohun tí a fẹ́ fi kọ́ni níhìn-ín ni ọ̀nà rẹ̀. Onígbèsè sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó ní. Àwọn olówó jùmọ̀ pinnu. A kọ iye tí a ó san àti iye tí a ó fi jì sílẹ̀, a sì kọ ọjọ́ tí ohun gbogbo yóò parí. Bí oníṣòwò kékeré kan nínú ìjọ wa bá jẹ ènìyàn mẹ́rin ní gbèsè, ọ̀nà yìí kan náà ni kí ó tọ̀: kí ó pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ pẹ̀lú àgbà kan láàrin wọn, kí ó sì fi ìwé ìṣirò rẹ̀ hàn wọ́n. Kí ó má ṣe máa sá fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ọjà.

VII. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Láti inú gbogbo èyí a rí ìlànà márùn-ún tí olùkọ́ lè kọ́ ìjọ rẹ̀.

1. Kí a kọ òpin àdéhùn sínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a bá ń kọ ìwé gbèsè, kí a kọ iye ojú owó, iye èlé bí ó bá wà, ọjọ́ tí yóò parí, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan nínú wọn bá kú.

2. Kí a san èyí tí ó kẹ́yìn ní ọ̀sán gangan lójú ẹlẹ́rìí. Bí àwọn ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ bá wà láàyè, àwọn ni kí a pè. Bí wọ́n bá ti kú, kí a mú ẹnìkọ̀ọ̀kan láti inú ìdílé méjèèjì, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, kí ó lè rántí fún ìgbà pípẹ́.

3. Kí a gba ìwé àdéhùn padà. Kí olówó kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé owó ti pé, kí ó kọ ọjọ́, kí ó sì fi ọwọ́ sí i. Rìsíìtì nìkan dára, ṣùgbọ́n kò tó bí ìwé ìdógò bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá sọ pé ìwé sọnù, kí a kọ ìwé mìíràn tí yóò sọ pé èyí tí ó sọnù kò ní agbára mọ́.

4. Kí a tú onígbọ̀wọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi ọwọ́ sí ìwé fún ẹlòmíràn ní ilé ìfowópamọ́ tàbí ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí ẹni náà sì ti san tán, ṣùgbọ́n tí orúkọ onígbọ̀wọ́ ṣì wà nínú ìwé wọn. Kí a béèrè ìwé tí ó sọ pé gbèsè ti tán àti pé onígbọ̀wọ́ ti bọ́. Bí a bá fi ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ilé dúró, kí a gbà á kí a tó kúrò níbẹ̀.

5. Bí a bá fi gbèsè jini, kí a sọ ọ́ síta. Olówó tí ó fi gbèsè ji ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá, tí kò sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ti fi ogun sílẹ̀ fún wọn ní orúkọ ogún.

VIII. BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI PARÍ

A pe ìdílé méjèèjì jọ ní ilé àgbà ìjọ kan. A sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ orí, ibi kan náà ni a wà. Ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó wà lọ́wọ́ èkejì. Nígbà tí a fẹ́ túká ni ìyá ọmọ tí ó mú ìwé wá béèrè pé kí a jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Obìnrin arúgbó ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì sí ẹni tí ó rò láti bi í ní ohunkóhun.

Ó ní, "Àlùfáà, èmi ni mo di fìtílà mú lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá wọn kò lè ka owó tí ó bá pọ̀; èmi ni mo kà á fún un. Owó náà pé."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyá mi, ẹ kò sọ fún mi."

Ó ní, "O kò bi mí, ọmọ mi. Ìwé ni o bi."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá yìí mọ̀ pé oko náà ìbá di ti ọmọ òun bí òun bá pa ẹnu mọ́, àti pé ọmọ náà ni ó ń bọ́ òun. Síbẹ̀ ó sọ òtítọ́. Ọmọ náà dìde, ó mú ìwé náà, ó sì fún mi pé kí n kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé owó ti pé. Mo kọ ọ́, ó fi ọwọ́ sí i, ìyá rẹ̀ tẹ̀ka, àwọn ọmọ olóko méjì sì fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú. Nígbà náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún wọn. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tún jókòó sí ìjókòó kan náà.

Ìyá náà ti kú. Bí ó bá ti kú ní ọdún kan ṣáájú, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tí ìbá mọ òtítọ́ ọ̀ràn náà, ìjà náà ì bá sì wà títí di ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ. Kì í ṣe gbogbo gbèsè ni yóò rí arúgbó kan tí ó di fìtílà mú. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ti san gbèsè rẹ̀ tí kò tíì gba ìwé rẹ̀, kí ó lọ gbà á ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tí ìwé gbèsè tí a ti san bá wà nínú àpótí rẹ̀, kí ó má dúró de ìgbà tí a ó wá béèrè rẹ̀. Kí ó gbé e lọ fún ẹni tí ó ni ín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin sísan owó àti píparí àdéhùn gbèsè?
2. Èé ṣe tí iṣẹ́ ìwọ̀fà kò fi lè parí gbèsè rẹ̀? Kí ni májẹ̀mú 1956 sọ nípa irú rẹ̀?
3. Bí bàbá rẹ bá fi oko dógò ní 30 ọdún sẹ́yìn, kí ni ẹ̀tọ́ rẹ? Kí sì ni ohun tí o gbọ́dọ̀ ṣe kí o tó béèrè rẹ̀?
4. Ta ni ó wà nínú ilé rẹ tí ó mọ àwọn gbèsè tí a ti san àti èyí tí a kò tíì san? Ǹjẹ́ o ti bi í?